Báwo ni wọ́n ṣe ń fi eku dán oògùn ibà wò ní ọjọ́ mẹ́rin?

Ìdánwò Peters ni. Plasmodium falciparum, kòkòrò ibà tó ń ṣe èèyàn, kì í mú eku lásán, nítorí náà Plasmodium berghei, kòkòrò ibà tó ń mú eku, ni wọ́n ń lò.

Mú eku funfun oní-gíráàmù 18 sí 22, márùn-ún ní ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Fi omi iyọ̀ la ẹ̀jẹ̀ eku tó ti ní ibà, kí mílílítà 0.2 tí o máa gún fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní sẹ́ẹ̀lì pupa mílíọ̀nù 10 tí kòkòrò ti wọ̀. Lẹ́yìn wákàtí 2 sí 4, fi abẹ́rẹ́ olórí róbótó fún wọn lóògùn gba ọ̀nà ọ̀fun. Tún un fún wọn ní wákàtí 24, 48 àti 72. Ọ̀wọ́ kan á gba omi tí o fi po oògùn nìkan, òmíràn á gba chloroquine, oògùn ibà tí a ti mọ̀, mg 10 fún kílò kan, fún ìfiwéra.

Ní wákàtí 96, gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti ṣóńṣó ìrù, tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, fi methanol mú un dúró, fi aró Giemsa kùn ún, kí o kà á. Bí kòkòrò bá wà nínú 20% sẹ́ẹ̀lì àwọn tí kò gba oògùn, tó sì jẹ́ 4% lára àwọn tó gbà á, oògùn ti dín in kù ní 80%. Ìyẹn kì í ṣe ìwòsàn o: kòkòrò lè tún yọjú tí oògùn bá dáwọ́ dúró.

Ibi tó sábà ń bàjẹ́ ni fífún eku lóògùn gba ọ̀nà ọ̀fun. Tí abẹ́rẹ́ olórí róbótó bá ṣìnà wọ ẹ̀dọ̀fóró, eku á kú, wọ́n á ní oògùn tí wọ́n ń dán wò ló ní májèlé.