Kásẹ́ẹ̀tì ìyá wa ti ń hù: ṣé ká kó o fún oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Màmá wa tó jẹ́ akọ́nijó ní Oǹdó papò dà lọ́dún tó kọjá. Ijó ìgbàlódé ni wọ́n ń gbé kalẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń fa ẹsẹ̀ ijó Obìtun àti bàtá wọ inú rẹ̀. Wọ́n fi páálí kásẹ́ẹ̀tì fídíò méjì sílẹ̀, nǹkan funfun sì ti ń hù lára àwọn kan. Ẹrù aṣọ eré wà níbẹ̀, àti ìwé kan tó kún fún àmì tí àwa ọmọ ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ọkùnrin kan ní Akúrẹ́ ní òun á kó gbogbo fídíò náà sórí kọ̀ǹpútà, òun á gbé e sórí YouTube, òun á sì bá wa forúkọ ijó náà sílẹ̀ l'Ábújá kí ẹnikẹ́ni má lè jó o láìgbàṣẹ lọ́wọ́ wa. Owó tó pè ò kéré, ó sì ní ìwé kan tó fẹ́ ká buwọ́ lù. Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin ní ká tètè fún un kí iṣẹ́ màmá má baà ṣègbé. Ṣé ká ṣe é? Aṣọ eré ńkọ́, ṣé ká tà wọ́n?

Ọmọ akọ́nijó, Oǹdó

Ìdáhùn

Ẹ kú àfẹ́kù màmá. Ẹ má tíì fún ọkùnrin yẹn ní kọ́bọ̀, ẹ má sì buwọ́ lu ìwé rẹ̀.

Irú lẹ́tà yìí ti pọ̀ lọ́wọ́ mi, ohun kan náà ló sì ń bí mi nínú nínú gbogbo wọn. Gbogbo yín ló gbà pé inú kásẹ́ẹ̀tì ni ijó wà, pé tí wọ́n bá ti kó o sórí kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ ti parí. Irọ́ ni. Eré alẹ́ ọjọ́ kan ló wà nínú kásẹ́ẹ̀tì, bí kámẹ́rà kan ṣe rí i láti ibi tí wọ́n gbé e sí. Ara àwọn tó jó ijó màmá yín ni ijó náà wà.

Ẹ tiẹ̀ wo kásẹ́ẹ̀tì yẹn dáadáa. Ta ló yà á? Láyé ìgbà yẹn, oníkámẹ́rà tó ń ya ìgbéyàwó ni wọ́n sábà máa ń bẹ̀ lọ́wẹ̀, ojú èèyàn ló sì mọ̀ ọ́n yà. Bí ijó bá ti ń dùn, á fa ojú ẹni tó wà níwájú mọ́ra, á gé ẹsẹ̀ dànù, ẹsẹ̀ tó jẹ́ pé òun gan-an ni ijó! Ohun tí àwọn tó wà lẹ́yìn ń ṣe ní gbogbo àsìkò yẹn ti lọ. Bí ọ̀kan nínú wọn bá fẹsẹ̀ rọ́ lọ́jọ́ náà tí kò lè fò, ọmọ tó bá wo kásẹ́ẹ̀tì kọ́ ijó náà lẹ́yìn ogún ọdún á gbà pé màmá ò fi fífò sí ibẹ̀. Bí ìtàgé ọjọ́ náà bá há, tí wọ́n sún agbo pọ̀, agbo tó há yẹn náà ló máa di ojúlówó. Ti ọ̀tún àti òsì tún wà níbẹ̀: oníjó tó bá kọjú sí yín, apá ọ̀tún rẹ̀ wà ní òsì yín. Mo ti rí àwọn ọ̀dọ́ tó kọ́ odindi ijó lódìlódì láti orí fóònù, wọ́n sì fi ṣàfihàn fún àwọn àlejò pàtàkì.

Ìlù ńkọ́? Ẹ gbọ́ ohùn kásẹ́ẹ̀tì náà: àtẹ́wọ́ àti ariwo ló bo omele mọ́lẹ̀. Ẹni tó jó o mọ ibi tí ìyáàlù ti máa ń pè é pé kó yí. Ó tún mọ ohun tí màmá sọ níbi ìdánrawò: “Gbé apá yẹn bí ẹni tó ru omi tí kò fẹ́ kó dà.” Apá tó gbé sókè ni fídíò máa fi hàn yín. Ọ̀rọ̀ tó jẹ́ kí apá náà rí bẹ́ẹ̀, kò sí kámẹ́rà tó yà á.

Bí ẹ bá rò pé àsọdùn ni, ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lókè òkun. Ní 1913, Vaslav Nijinsky, oníjó ará Rọ́ṣíà, gbé ijó kan kalẹ̀ ní Paris sí orin Igor Stravinsky tí wọ́n ń pè ní The Rite of Spring. Ìwọ̀nba ìgbà ni wọ́n jó o kí wọ́n tó pa á tì, kò sì sí fíìmù rẹ̀. Síbẹ̀, ẹgbẹ́ Joffrey Ballet jó o padà ní Amẹ́ríkà ní 1987. Millicent Hodson àti Kenneth Archer ló fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣa á jọ: àkọsílẹ̀ tí Marie Rambert, olùrànlọ́wọ́ Nijinsky, kọ sára ìwé orin, àwòrán tí àwọn tó wà níjokòó yà, aṣọ eré tó ṣẹ́kù, àti ohun tí Rambert fúnra rẹ̀ rántí lọ́jọ́ ogbó. Àwọn kan ṣì ń bá wọn jiyàn pé kì í ṣe bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èèyàn àti àkọsílẹ̀ jí ijó náà dìde láìsí fídíò kankan.

Merce Cunningham, akọ́nijó ará Amẹ́ríkà, ní tirẹ̀ ní fídíò jaburata. Kó tó kú ní 2009 lẹ́ni 90 ọdún ni wọ́n ti kéde ètò tó fẹ́: ẹgbẹ́ rẹ̀ á fi ọdún méjì jó káàkiri, wọn á sì tú ká. Alẹ́ 31 Oṣù Kejìlá 2011 ni wọ́n jó kẹ́yìn, ní New York. Wọ́n kó fídíò, àkọsílẹ̀, ètò iná àti ti aṣọ ọ̀pọ̀ ijó rẹ̀ jọ, ti ijó kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Pẹ̀lú gbogbo èyí, bí ẹgbẹ́ mìíràn bá fẹ́ jó iṣẹ́ rẹ̀, àwọn tó ti bá a jó rí ni wọ́n máa ń rán lọ kọ́ wọn.

Nítorí náà, àwọn oníjó màmá dà? Ẹ ò dárúkọ ẹyọ ẹnì kan nínú wọn nínú lẹ́tà yín! Ẹ wá wọn rí. Ọ̀kan á wà ní Ìjàpọ̀, òmíràn á ti lọ́kọ lọ sí Ìkàrẹ́, orúnkún òmíràn á ti máa dùn ún. Ẹ wá àwọn onílù náà, kì í ṣe oníjó nìkan. Ẹ gba gbọ̀ngàn ilé-ìwé kan, ẹ kó ọ̀dọ́ mélòó kan wá, kí àwọn àgbà sì kọ́ wọn ní ijó kan ṣoṣo. Ẹ má fi èyí tó lókìkí jù bẹ̀rẹ̀ o. Èyí tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ti ń dàgbà jù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú. Ẹ gbé kámẹ́rà kan síwájú, ẹ gbé òmíràn sẹ́yìn, kí méjèèjì jìnnà tó láti rí àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì fọwọ́ kàn án mọ́. Wọn á jà. Ọ̀kan á ní ẹ̀ẹ̀mẹta la máa ń yí, èkejì á ní ẹ̀ẹ̀mejì ni. Ẹ má pa kámẹ́rà nígbà tí wọ́n bá ń jà. Ibẹ̀ lẹ ti máa gbọ́ ohun tí màmá sọ àti ìgbà tí wọ́n yí i padà. Ìwé alámì yẹn náà, iwájú wọn ni kẹ́ ẹ ṣí i sí. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n kà á bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn.

Ẹnì kan lè wá sọ pé kẹ́ ẹ fi àmì ìkọjósílẹ̀ tí Rudolf Laban, onímọ̀ ijó kan ní Yúróòpù, gbé jáde ní 1928 kọ ijó náà sílẹ̀. Ọ̀nà gidi ni, ṣùgbọ́n àwọn tó lè kà á nítòsí wa ò pọ̀. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná.

Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ da kásẹ́ẹ̀tì nù. Ẹ má ti èyí tí nǹkan funfun ti hù sí lára bọ inú ẹ̀rọ rárá. Á ba ẹ̀rọ jẹ́, á sì ran àwọn yòókù. Ẹ yọ wọ́n sọ́tọ̀ síbi tó gbẹ, kẹ́ ẹ wá ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń nù ún. Mi ò lè jókòó síbí kí n sọ èyí tó ṣì ṣeé gbà là. Àwọn tí kò ní nǹkan kan lára, ẹ tètè dà wọ́n kọ sórí kọ̀ǹpútà, torí ilé-iṣẹ́ tó gbẹ̀yìn nínú àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ fídíò náà dáwọ́ dúró ní 2016. Kí ẹ̀dà rẹ̀ wà níbi mẹ́ta, kí ọ̀kan má sì sí ní Oǹdó rárá.

Ní ti Àbújá, mi ò kì í ṣe lọ́yà, ẹ lọ bá lọ́yà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ (copyright) ilẹ̀ wa, èyí tí wọ́n tún ṣe ní 2022, ka àgbékalẹ̀ ijó mọ́ iṣẹ́ tó ń dáàbò bò, bí wọ́n bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ tàbí yà á sórí nǹkan. Kì í ṣe ìforúkọsílẹ̀ ló ń fúnni ní ẹ̀tọ́ náà. Ó sì wà títí di 70 ọdún lẹ́yìn ọdún tí ẹni tó ṣe é kú. Ibí yìí gan-an ni kásẹ́ẹ̀tì yín ti níye lórí: ẹ̀rí ni. Ṣùgbọ́n kò sí òfin tó máa sọ ijó Obìtun di ti ìdílé yín. Ti gbogbo Oǹdó ni. Bí màmá ṣe to tirẹ̀ nìkan lẹ lè pè ní tiyín. Ìyẹn náà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹgbẹ́ tàbí ilé-ìwé kan ló gbà á síṣẹ́ nígbà tó ṣe é. Nígbà tí Martha Graham, akọ́nijó ará Amẹ́ríkà, kú ní 1991, ó fi ohun ìní rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, Ron Protas, nínú wíìlì. Wọ́n dé kóòtù, adájọ́ sì sọ ní 2002 pé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ijó náà, ti àjọ tó ń gbé iṣẹ́ rẹ̀ lárugẹ ni. Ìwé ni wọ́n sì fi ń gbé irú ẹ̀tọ́ yìí fún ẹlòmíì lábẹ́ òfin wa. Ṣé ẹ wá rí ìdí tí ìwé ọkùnrin yẹn fi ń kọ mí lóminú?

YouTube lè dúró. Kẹ́ ẹ tó gbé ohunkóhun síbẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn oníjó tí ojú wọn wà níbẹ̀, kẹ́ ẹ sì mọ ẹni tó ni orin.

Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n yín pé bó bá fẹ́ náwó, kó fi san owó ọkọ̀ àwọn àgbà yẹn, kó sì fi se oúnjẹ fún wọn.

Ẹ má ta aṣọ o, ẹ má sì fọ̀ ọ́. Ẹ ya fọ́tò níwájú àti lẹ́yìn, ẹ kọ ijó tó wà fún, ẹ fi aṣọ funfun tó mọ́ wé e, ẹ má kó o sínú ọ̀rá. Bí àwọn àgbà bá dé, ẹ jẹ́ kí wọ́n rọra wọ èyí tó bá ṣì lágbára kí wọ́n sì yí nínú rẹ̀, torí ìwúwo aṣọ ló ń sọ bí ẹsẹ̀ á ṣe yá tó.