Ìbéèrè Yín Lórí Sàká, Sàárà àti Wákáfù: Ẹ Má Da Àpò Wọn Pọ̀

Àwọn oníṣòwò àti ìgbìmọ̀ mọ́sálásí ló kọ̀wé sí wa jù lóṣù yìí. A ti gé àwọn lẹ́tà náà kúrú.

Ìbéèrè: Léèsì àti ànkárá ni mò ń tà ní Ìdúmọ̀tà. Lọ́dọọdún nínú oṣù ààwẹ̀ ni mo máa ń pín ìrẹsì fáwọn aládùúgbò, mo sì ń kà á sí sàká mi. Ààfáà wa ní kò rí bẹ́ẹ̀. Báwo ni mo ṣe máa ṣírò rẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé ara ọjà ni owó mi wà? (Oníléèsì, Ìdúmọ̀tà)

Ìdáhùn: Òótọ́ ni ààfáà yín sọ. Sàárà, ọrẹ àtinúwá, ni ìrẹsì yẹn, láádá rẹ̀ sì wà, àmọ́ sàká tó jẹ́ ọ̀ranyàn ní ìṣirò tirẹ̀. Ẹ mú ọjọ́ kan nínú oṣù òṣùpá, ká ní ọjọ́ kìíní oṣù ààwẹ̀, kó máa jẹ́ ọjọ́ yẹn lọ́dọọdún. Lọ́jọ́ náà, ẹ ka gbogbo aṣọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù àti nílé ìkẹ́rùsí. Iye tí ẹ máa rí lọ́jọ́ náà bí ẹ bá ta aṣọ ọ̀hún lọ́pọ̀ ni kí ẹ kọ sílẹ̀, kì í ṣe iye tí ẹ rà á, kì í sì í ṣe iye tí ẹ ń jánjá rẹ̀ fún oníbàárà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í: ọjà ti gbówó lórí, iye àtijọ́ inú ìwé ni wọ́n ṣì ń lò.

Ẹ fi owó ọwọ́ àti owó báńkì kún un, pẹ̀lú àwìn tó dá yín lójú pé wọ́n máa san. Àwìn tó ti kú, ẹ fi í sílẹ̀. Tó bá padà wọlé, ẹ ó san sàká ọdún kan lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ gbèsè ọjà tí ẹ jẹ. Ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀, àga, jẹnẹrétọ̀ àti ọkọ̀ tó ń kó ẹrù kò ní sàká, torí wọn kì í ṣe ohun títà.

Ká ní aṣọ jẹ́ ₦38,000,000, owó ọwọ́ àti ti báńkì ₦6,000,000, àwìn tó dájú ₦4,000,000, tí ẹ sì jẹ ẹni tó ń kó ọjà fún yín ní ₦8,000,000. Ó ku ₦40,000,000. Ẹ pín in sọ́nà ogójì, ìdá kan níbẹ̀ (2.5 nínú ọgọ́rùn-ún) ni sàká yín: ₦1,000,000. Bó bá jẹ́ January sí December ni ẹ fi ń ka ọdún, ẹ rántí pé ó fi nǹkan bí ọjọ́ 11 gùn ju ọdún òṣùpá lọ; ìdá 2.577 nínú ọgọ́rùn-ún ni ẹ máa yọ, ìyẹn ₦1,030,800.

Kí ẹ tó yọ sàká, ẹ wò ó bóyá ohun tó kù tó nisọ́ọ̀bù, ìyẹn iye tó kéré jù tí sàká fi ń di dandan: iye wúrà gíráàmù 85, tàbí ti fàdákà gíráàmù 595. Iye tí wúrà ń lọ lọ́jọ́ náà gan-an ni kí ẹ béèrè. Ti fàdákà kéré jìnnà sí ti wúrà, nítorí náà oníṣòwò kékeré tí ìṣirò wúrà dá sí lè bọ́ sọ́wọ́ ti fàdákà, àwọn onímọ̀ ò sì fẹnu kò lórí èyí tó yẹ ká lò. Iye tó wà nínú àpẹẹrẹ wa yìí ti kọjá méjèèjì.

Ìṣirò ọdọọdún yìí, nínú ìlànà Málíkì, ọ̀kan nínú àwọn ìlànà òfin Ìsìláàmù, tí ọ̀pọ̀ wa ń tẹ̀ lé, wà fún ẹni tó ń rà tó ń tà lójoojúmọ́. Ẹni tó ra ilẹ̀ sí Ìbejú-Lẹ́kí tó ń retí kó gbówó lórí, ọjọ́ tó bá tà á ni yóò san sàká ọdún kan lórí rẹ̀.

Ìbéèrè: Sàká tí a kó jọ ní mọ́sálásí wa ní Mushin jẹ́ ₦3,200,000. Àwọn kan ní ká fi gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, àwọn kan ní ká pín ₦5,000 fún èèyàn 640. Èwo ni ká ṣe? (Akọ̀wé ìgbìmọ̀)

Ìdáhùn: Ẹ má ṣe ìkankan nínú méjèèjì. Súratù Taobah, ẹsẹ 60, ti ka àwọn mẹ́jọ tó lẹ́tọ̀ọ́ sí sàká: tálákà, aláìní, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ sàká, àwọn tí a fẹ́ fa ọkàn wọn mọ́ra, ìtúsílẹ̀ ẹrú, ajigbèsè, ojú ọ̀nà Ọlọ́hun, àti onírìn-àjò tí owó tán mọ́ lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló sọ pé sàká gbọ́dọ̀ di ohun ìní ẹni tó gbà á. Olówó àti tálákà ló sì máa pọn omi kànga. Ẹ fi owó sàárà gbẹ́ ẹ.

₦5,000 ò ju owó oúnjẹ lọ, kò sì ní pẹ́ tán. Bó bá jẹ́ tiwa ni, à bá fún èèyàn 8 ní ₦300,000 ẹnì kọ̀ọ̀kan láti fi ṣòwò, ká fi ₦500,000 san gbèsè, ká wá fi ₦300,000 tó kù ra oúnjẹ fún arúgbó àti aláìsàn tí kò lè ṣiṣẹ́.

Yíyan èèyàn ló le jù. Kí èèyàn méjì lọ sílé olúkúlùkù, kí ọ̀kan jẹ́ obìnrin, kí wọ́n sì fọgbọ́n béèrè lọ́wọ́ àwọn ará ilé. Ẹ má ra ẹ̀rọ ìránṣọ fún ẹni tí kò mọ aṣọ rán; kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi rí i lórí igbá ní ọjà Òjúwòyè. Ẹ̀rọ ìlọta tí wọ́n rà láìro owó ibi tí wọ́n máa gbé e sí àti owó epo á kàn dúró sínú pálọ̀ ni. Nítorí náà, kí ìdajì jẹ́ irinṣẹ́, kí ìdajì jẹ́ owó tí yóò fi ṣiṣẹ́. Ẹni tí ebi ń pa tàbí tí onílé ń lé, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ tìyẹn, kí owó òwò má bàa gba ibẹ̀ lọ.

Ní ti gbèsè, ẹ lọ síbi tó ti ń yọni lẹ́nu. Bí wọ́n bá ti ní kí aláìsàn máa lọ sílé ní ilé ìwòsàn Ìdí-Àràbà àmọ́ tí owó ìtọ́jú dá a dúró, ẹ gba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀, kí ẹ san án ní kòǹtà ilé ìwòsàn, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Ìgbìmọ̀ lè yọ owó ọkọ̀ àti owó báńkì, kó má ṣáà kọjá ìdá kan nínú mẹ́jọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ya fọ́tò ẹni tó ń gbà á. Ìyìn orí Facebook ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtìjú tí ọmọ rẹ̀ máa rí ní kíláàsì.

Ìbéèrè: Mo ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin níwájú ilé mi ní Agége. Mo fẹ́ kí owó tó ń wọlé lórí wọn máa sanwó ilé-ìwé ọmọ òrukàn títí láé. Mo ti sọ fún Lèmọ́mù lẹ́nu. Ṣé ó tó? (Bàbá Onílé)

Ìdáhùn: Bàbá, ẹnu ò tó o. Wákáfù ni ẹ fẹ́ ṣe, ìyẹn ohun ìní tí a dá dúró kí èrè rẹ̀ máa ṣe sàárà. Umar, sàhábà Ànábì, ní ilẹ̀ kan ní Khaybar. Ànábì ní kó dá ilẹ̀ náà dúró, kó máa fi èso rẹ̀ ṣe sàárà, kí wọ́n má tà á, kí wọ́n má fi í ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ, kí wọ́n má sì jogún rẹ̀.

Ìwé ló ń ba tiwa jẹ́ ní Èkó. Bí ilẹ̀ náà bá jẹ́ ti ẹbí, ẹ ò lè dá a dúró láìjẹ́ pé ẹbí fọwọ́ sí i, rìsíìtì ọmọ onílẹ̀ nìkan ò sì ní gbà yín ní kóòtù. Kí lọ́yà kọ ìwé wákáfù, kó sì bá yín wá ìyọ̀ǹda gómìnà ní Alausa gẹ́gẹ́ bí Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 ṣe là á sílẹ̀. Orúkọ àwọn alábòójútó tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ tó ń forúkọ iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, lábẹ́ òfin rẹ̀, CAMA 2020, ni kó wà nínú ìwé. Kó má jẹ́ ti Lèmọ́mù nìkan, torí lọ́jọ́ tó bá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ lè pè é ní ogún.

Kí àwọn alábòójútó bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó ṣọ́ọ̀bù lójú ayé yín. Lọ́dọ̀ Málíkì, bí ohun náà bá wà lọ́wọ́ yín títí ikú fi dé, wákáfù bàjẹ́, ó di ogún nìyẹn. Bó bá jẹ́ orí àìsàn ikú ni ẹ ti ṣe é, kò gbọdọ̀ kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta ohun ìní yín. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yín gbọ́ sí i báyìí, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i.

Bí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan bá ń mú ₦400,000 wá lọ́dún, ₦1,600,000 ni gbogbo rẹ̀. Kí ₦320,000 kọ́kọ́ lọ sí àkáùntì àtúnṣe. Wákáfù tí kò ní owó páànù, òjò ló máa lé ayálégbé rẹ̀ lọ. Iye tí àdúgbò ń gbà ni kí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ ọmọ jamáà pẹ̀lú.

Ìbéèrè: Àwa obìnrin mọ́sálásí ní Èbúté Mẹ́ta ń yá ara wa lówó láìsí èlé. Ṣé a lè yọ 2% fún ìnáwó ẹgbẹ́? (Akápò)

Ìdáhùn: Rárá. Owó tó ń ga bí owó tí wọ́n yá ṣe ń ga, èlé ni. Ohun tí ẹ ná gan-an lórí fọ́ọ̀mù àti POS ni kí ẹ gbà, iye kan náà lọ́wọ́ ẹni tó yá ₦50,000 àti ẹni tó yá ₦500,000. Ẹ má fi sàká ṣe owó yíyá. Ẹni tí a bá fún ní sàká ló ni ín, kò ní dá a padà. Ẹ má yáni lówó nígbà tí Iléyá tàbí ìwọlé ilé-ìwé bá kù dẹ̀dẹ̀, torí kì í dé ọjà. Kí oníduùró jẹ́ méjì, kí sísan jẹ́ ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹni tí nǹkan le fún ní tòótọ́, Súratù Bakara ẹsẹ 280 ní kí ẹ fún un láyè.

Ìbéèrè: Báńkì ń fi èlé sórí owó tí mo fi pamọ́. Ṣé mo lè fi èlé náà san sàká? (Súrùlérè)

Ìdáhùn: Kò ṣeé ṣe. Orí ojú owó yín nìkan ni sàká wà, láti inú rẹ̀ náà sì ni ẹ ó ti san án. Ẹ fi èlé náà tún gọ́tà àdúgbò ṣe, kí ẹ má retí láádá sàárà lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ kó owó yín lọ sí báńkì tí kì í gba èlé: Jaiz ti ń ṣiṣẹ́ láti 2012, TAJBank àti Lotus sì ti tẹ̀ lé e.