Ta ni obìnrin àkọ́kọ́ tó dá wa bàálù kọjá Òkun Àtìláńtíìkì?

Amelia Earhart, ọmọ Amẹ́ríkà ni. Lóṣù Karùn-ún ọdún 1932, ó gbéra ní Harbour Grace, ní erékùṣù Newfoundland ní Àríwá Amẹ́ríkà, òun nìkan nínú bàálù Lockheed Vega. Nǹkan bíi wákàtí 15 ló lò lófuurufú, ojú rẹ̀ sì rí màbo: aago tó ń sọ bí bàálù ṣe ga tó kọṣẹ́, yìnyín dì mọ́ apá bàálù, iná ń yọ níbi páìpù èéfín tó sán. Pápá ẹran ọ̀sìn kan ní Culmore, Northern Ireland, ló balẹ̀ sí. Ó ti kọjá òkun yìí ní 1928, àmọ́ èrò inú bàálù lásán ni nígbà yẹn, kì í ṣe òun ló wà á. Èyí tó wú mi lórí jù ni ìrìn àjò rẹ̀ ti 1935, láti Honolulu ní Hawaii dé Oakland ní California: kò sẹ́ni tó dá a fò rí ṣáájú rẹ̀, lọ́kùnrin lóbìnrin.