Kòkó kọ́ ló ń fà á, kòkó kọ́ ló dẹ̀ máa wò ó

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè bóyá lóòótọ́ ni nǹkan kan wà nínú kòkó tó jọ ti igbó tí wọ́n ń fà, àti bóyá kẹ́ ẹ máa fún ẹ̀gbọ́n yín tó ń gbọ́ ohùn tẹ́nì kankan ò gbọ́ mu, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi, torí ilé wa ti jìyà ọ̀rọ̀ yìí gan-an.

Nǹkan náà wà, anandamide ni wọ́n ń pè é. Lábù onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Raphael Mechoulam, ní Jerúsálẹ́mù ló rí i nínú ọpọlọ ẹlẹ́dẹ̀ lọ́dún 1992, ibi tí igbó máa ń dì mọ́ nínú ọpọlọ lòun náà ń dì mọ́, ara wa fúnra ẹ̀ ló dẹ̀ ń ṣe é. Lọ́dún 1996 làwọn kan ní San Diego wá rí i nínú ṣokoléètì. Àmọ́ bíńtín ni, ara á dẹ̀ ti fọ́ ọ túútúú kó tó dé orí.

A ò mọ̀yẹn nígbà tí àìsàn ọpọlọ tó ń múni gbọ́ ohùn, tí wọ́n ń pè ní schizophrenia, bẹ̀rẹ̀ lára àbúrò mi. Ọmọ olóko kòkó ni wá, lápá Oǹdó, ẹnì kan bá sọ fún màmá wa pé àwọn dókítà Jámánì ti rí i pé anandamide ló ń bá ohùn yẹn jà, bí màmá ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yan kòkó nìyẹn, wọ́n ń lọ̀ ọ́, wọ́n ń pò ó fún un kọ́ọ̀bù mẹ́ta lójúmọ́, ó máa ń dúdú, ó máa ń ki, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ẹ̀ á ṣẹ́kù nísàlẹ̀ kọ́ọ̀bù. Èyí tó wá burú jù, a dá oògùn ọsibítù dúró. Oorun lọ pátápátá, kòkó ṣáà ní ohun tó ń lé oorun nínú. Mo délé lọ́jọ́ kan mo bá a tó ti fi búláńkẹ́ẹ̀tì wé rédíò tí ò ní bátìrì, ó ní wọ́n ń ka orúkọ gbogbo wa nínú ẹ̀, ó fìka lé ètè pé kí n má sọ̀rọ̀. Mi ò lè gbàgbé ojú ẹ̀.

Mo padà lọ ka ìwádìí Jámánì yẹn. Wọ́n wọn anandamide nínú omi tó yí ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ká, ó pọ̀ lára àwọn tí àìsàn yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú ju tàwọn tára wọn dá lọ, ó rọrùn láti rò pé òun ló fà á. Àmọ́ lọ́dún 2004 wọ́n rí i pé ẹni tó ní in púpọ̀, àìsàn tiẹ̀ ò le tó ti ẹlòmíì, bíi pé ṣe ni ọpọlọ ń ṣe é láti fi gba ara ẹ̀ là. Lọ́dún 2012 wọ́n wá kó èèyàn 42, wọ́n fún àwọn kan ní cannabidiol, ohun kan nínú igbó tí kì í pani bí ọtí, wọ́n fún àwọn yòókù ní amisulpride, oògùn àìsàn yẹn, ara apá méjèèjì fúyẹ́, anandamide dẹ̀ pọ̀ sí i lára àwọn tó lo cannabidiol. Oògùn tí wọ́n wọ̀n nìyẹn, dókítà ń ṣọ́ wọn, kò séyìí tí wọ́n fún ní kòkó. Ẹ má wá torí ẹ̀ ra igbó fún un o, igbó tí wọ́n ń fà lójú títì máa ń dá kún ohùn ni.

Kọ́ọ̀bù kòkó kan láàárọ̀ ò ṣe nǹkan kan, kó ṣáà má mu ún lálẹ́, ẹ má dẹ̀ já oògùn ẹ̀ láìbá dókítà sọ ọ́. Àbúrò mi padà sórí oògùn tiẹ̀, ó tó oṣù mẹ́sàn-án kó tó wá fọwọ́ ara ẹ̀ ká búláńkẹ́ẹ̀tì yẹn kúrò lára rédíò, ó ní ká bá òun ra bátìrì.