Màmá mi kì í rí oorun sùn, wọ́n sì ti ń gbàgbé nǹkan

Ẹ káàsán, mà. Ẹni ọdún 72 ni màmá mi. Aago méjì òru ni wọ́n máa ń jí, tí ilẹ̀ bá wá mọ́, wọ́n á máa tòògbé nídìí ata tí wọ́n ń tà. Piriton ni mò ń rà fún wọn kí wọ́n lè sùn. Ní báyìí, wọn ò rántí iye tí oníbàárà jẹ wọ́n mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní ogbó ni. Ṣé lóòótọ́? – Ọmọ Màmá, Ìbàdàn

Ọmọ mi, o kú ìtọ́jú ìyá. Má fún wọn ní Piriton yẹn mọ́ fún oorun. Oògùn ara yíyún àti ọ̀fìnkìn ni; torí pé ó máa ń jẹ́ kí oorun kun èèyàn ni wọ́n ṣe sọ ọ́ di oògùn oorun. Ó máa ń dí èròjà kan lọ́wọ́ nínú ọpọlọ, acetylcholine, èyí tí a fi ń rántí nǹkan. Ara àgbà kì í sì tètè lé oògùn jáde, èyí tí wọ́n lò lálẹ́ lè ṣì wà lára wọn títí dìgbà tí wọ́n bá pàtẹ ata. (Ká ní oògùn tó ń fini lọ́kàn balẹ̀ bíi Valium tàbí Lexotan ni, mi ò ní ní kó o dá a dúró lójijì. Dókítà ló gbọ́dọ̀ máa dín in kù díẹ̀díẹ̀.)

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ kò tẹ́ mi lọ́rùn. Oorun àgbà máa ń fẹ́lẹ́ lóòótọ́, àmọ́ aláta tí kò rántí gbèsè mọ́, ẹ má kàn pè é lógbó. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2021 lórí nǹkan bí 8,000 òṣìṣẹ́ ìjọba ní London, àwọn tí kì í sùn ju wákàtí mẹ́fà lọ láti ẹni 50 ọdún dé 70 ni àrùn ìgbàgbé mú jù, ó fi nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn tó ń sùn wákàtí méje.

Sùn sí yàrá wọn lálẹ́ ọjọ́ kan, kó o fetí sílẹ̀. Ṣé wọ́n ń hanrun, tí èémí á dákẹ́ díẹ̀, tí wọ́n á wá mí kanlẹ̀ lójijì bí ẹni tí nǹkan há lọ́fun? Àìsàn nìyẹn, ó sì ní ìtọ́jú. Ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n ń dìde lọ tọ̀? Ó lè jẹ́ àtọ̀gbẹ. Ó sì lè jẹ́ pé alẹ́ ni wọ́n ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń múni tọ̀, èyí tó yẹ kí wọ́n máa lò láàárọ̀.

Ìbàdàn lo wà, kò jìnnà sí ọ: UCH ti ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà láti ọdún 2012. Mú wọn lọ. Kó gbogbo páálí oògùn wọn dání, má sì fi àgbo tí wọ́n ń mu pa mọ́ fún dókítà.