Ẹyin ẹ̀fọn ọ̀sán kò sí nínú omi tí ẹ ń dà nù

Ìbéèrè: Gbogbo Sátidé la máa ń da omi dúrọ́ọ̀mù wa nù, a sì ti da kẹrosíìnì sí gọ́tà. Síbẹ̀, ẹ̀fọn dúdú tó ní ilà funfun lẹ́sẹ̀ ń jẹ wá lọ́sàn-án gangan. Ṣé ká fín oògùn sí igbó ẹ̀yìnkùlé ni?

Ìdáhùn: Ẹ fi igbó sílẹ̀, ẹ fi gọ́tà sílẹ̀. Irú ẹ̀fọn tí wọ́n ń pè ní Culex ló pọ̀ jù nínú gọ́tà, òru nìyẹn sì ń jẹni. Aedes, irú ẹ̀fọn tó ń jẹni lọ́sàn-án, lẹ ṣàpèjúwe yìí. Tí ilà funfun kan ṣoṣo bá gba àárín orí rẹ̀ lọ sẹ́yìn, Aedes albopictus ni, àlejò láti Éṣíà tí wọ́n rí ní Nàìjíríà ní 1991. Taya àlòkù ló ń gbé e káàkiri ayé.

Ẹni tó ní kí ẹ kàn da omi nù, ààbọ̀ iṣẹ́ ló gbé fún yín, ó sì ti sú mi láti máa tún un sọ. Abo rẹ̀ kì í yé sójú omi. Ara dúrọ́ọ̀mù nínú, níbi tó tutù díẹ̀ lókè omi, ló ń lẹ ẹyin mọ́ níkọ̀ọ̀kan. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ẹ ó rí i bí èérún ẹ̀tù. Ẹ da omi nù, ẹyin gbẹ, kò kú. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Ọjọ́ tí omi bá tún bò ó, ó di tanwíjí. Gbogbo rẹ̀ kì í sì í pa lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn mìíràn ń dúró de omi ẹlẹ́ẹ̀kejì, ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Kẹrosíìnì ńkọ́? Ojú omi ló ń léfòó sí, kò dé ibi tí ẹyin wà, ó sì ń ba omi ìlò jẹ́.

Ẹ da omi náà sórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì líle àti ọṣẹ ha inú rẹ̀ dé ẹnu, kí ẹ ha ibi ilà omi lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ da omi tí ẹ fi ṣàn án náà sílẹ̀ gbígbẹ. Kànrìnkànrìn rírọ̀ yóò kàn yọ̀ kọjá lórí ẹyin ni. Ọjọ́ méje-méje ni o, torí nínú ooru tiwa, bí ọjọ́ méje sí mẹ́wàá ti tó kí ẹyin di ẹ̀fọn tó ń fò. Lẹ́yìn náà, ẹ fi aṣọ tàbí àwọ̀n de ẹnu rẹ̀ pinpin. Ọmọrí tó ṣí díẹ̀ kò wúlò. Taya kò ṣe é ha dáadáa: abẹ́ òrùlé ni kẹ́ ẹ gbé e sí, tàbí kẹ́ ẹ lu ihò sí i níbi tómi ń dúró sí.

Tí ara bá gbóná, tí egungun ń ro yín, ẹ má lo ibuprofen tàbí aspirin kí dókítà tó yẹ̀ yín wò. Bó bá jẹ́ dẹ́ńgè, ibà tí ẹ̀fọn yìí ń gbé kiri, oògùn wọ̀nyẹn lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà.

Bẹ́ ẹ bá ti ha gbogbo tiyín tí wọ́n ṣì ń jẹ yín, ẹ lọ wo iwájú ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń lẹ taya ládùúgbò. Ẹ̀fọn yìí kì í sábà fò ju bí 200 mítà lọ.