Ọ̀rá inú gọ́tà Ṣágámù àti àdéhùn àgbáyé

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀dọ́ 12 ni wá ní Ṣágámù, a máa ń kó ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kúrò nínú gọ́tà. Báwo ni iṣẹ́ wa ṣe lè dé etí àwọn tó ń ṣe àdéhùn àgbáyé lórí ike?

Ìdáhùn: Ẹ má kàn kó o dànù, ẹ kà á. Ní Nairobi, oṣù kẹta ọdún 2022, àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò láti ṣe àdéhùn náà. Ìpàdé Geneva ní oṣù kẹjọ ọdún 2025 parí láìsí ìfẹnukò. Ẹ̀rí ọwọ́ yín wúlò gidi.

Ẹ wọn mítà 20 nínú gọ́tà, ẹ kó gbogbo ike ibẹ̀, ẹ gbọn ẹrẹ̀ dànù, kí ẹ sì pín wọn sí ọ̀wọ́ gẹ́gẹ́ bí orúkọ ilé-iṣẹ́ tó wà lára wọn. Iye ni kí ẹ kọ, kì í ṣe ìwọ̀n: iyanrìn inú ọ̀rá ló máa ń ba ìwọ̀n jẹ́. Èyí tí orúkọ rẹ̀ ti pa rẹ́, ẹ yà á sọ́tọ̀, ẹ má méfò. Ibi kan náà ni kí ẹ máa padà sí lóṣooṣù. Bí ẹ bá yí ibẹ̀ padà, kò sí ohun tí ẹ máa fi wéra. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà pọn dandan.

Ẹ fi àkọsílẹ̀ náà ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí àyíká ní Abẹ́òkúta, àti sí Children and Youth Major Group, ẹgbẹ́ tó ń gbé ohùn ọ̀dọ́ lọ sí UNEP, àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí àyíká.